Ẹ̀yin onígìtá Àkúrẹ́ àti Òǹdó, ta ló ti pààrọ̀ fáàfù ámpù ẹ̀ rí? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Onígìtá Ìjàpọ̀:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi kẹ́lòmíì tó bọ́ sí i. Mo ní ámpù kan, tòkunbọ̀ ni, 100 wọ́ọ̀tì, orí ẹ̀ lọ́tọ̀ àpótí sípíkà lọ́tọ̀, fáàfù ńlá mẹ́rin, ìyẹn àwọn onígíláàsì tó ń gbóná tó ń gbé ohùn ga, ló wà lẹ́yìn ẹ̀, 6L6GC ni wọ́n ń pe irú wọn. Gèènì inú ẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń mú ohùn gìtá le kó sì máa hó, pọ̀ débi pé tí mo bá gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, ojú ni pásítọ̀ á fi máa bá mi sọ̀rọ̀, torí ẹ̀ ibi tá a ti ń ṣe ìgbáradì lẹ́bàá FUTA, yunifásítì Àkúrẹ́ níbí, ni mo ti máa ń lò ó jù.

Sátidé kan báyìí, à ń gbá orin lọ, ó ti tó ogójì ìṣẹ́jú, mo ṣàkíyèsí pé ohùn ẹ̀ ń rọ̀ bí ohùn ẹni tébi ń pa, mo bojú wẹ̀yìn, yéè! Ìkan nínú àwọn fáàfù yẹn, irin pẹlẹbẹ tó dúdú nínú gíláàsì ẹ̀ ti pọ́n bí ẹyin iná alágbàdo sísun. Kì í ṣe iná pupa kékeré tó máa ń wà láàárín gbùngbùn o, ìyẹn ò ní wàhálà, bí fáàfù ṣe ń gbóná nìyẹn. Irin ìta gan-an ló pọ́n. Kí n tó nawọ́ dé swíìṣì, fíúsì ti já, òórùn bíi ti rọ́bà tó ń jó ti gba gbogbo yàrá.

Ó yẹ kí n bi ara mi pé kí ló pa á. Mi ò bi í. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé àyè ti yọ láti ra èyí tó dùn jù, torí gbogbo àwọn tí mo fẹ́ràn ohùn gìtá wọn, ámpù Marshall ni wọ́n ń lò, fáàfù tó ń jẹ́ EL34 ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ Marshall. EL34 ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, 6L6 ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, sókẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n ń wọ̀ wẹ́kú, kí ló tún kù? Mo bá ní kẹ́nì kan bá mi kó mẹ́rin bọ̀ láti òkè òkun. Iye tí mo san, mi ò ní kọ ọ́ síbí torí ìyàwó mi náà ń ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọlọ́run ló yọ mí tí mi ò fọwọ́ ara mi kì wọ́n bọ̀ ọ́. Bàbá kan wà lọ́nà Arákalẹ̀ tó ti ń tún rédíò ṣe látìgbà tí rédíò ṣì ń lo fáàfù, èyí tí wọ́n á tàn tán tí wọ́n á tún jókòó dè é kó gbóná kó tó sọ̀rọ̀. Mo gbé ẹrù mi lọ síbẹ̀. Bàbá gbé EL34 yẹn sókè, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ta ló ní kó o ra eléyìí?"

Mo ní Bàbá, wọ́n ní òun ló dùn jù ni.

Ó ní, "Mi ò bá ọ du dídùn. Ṣé ẹ̀rọ tìrẹ lágbára àtibọ́ ọ?"

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Kí 6L6GC kan tó gbóná, áńpíà 0.9 ló ń jẹ lórí 6.3 fóòtì. EL34 ní tiẹ̀ ń jẹ 1.5. Ìyẹn ni pé mẹ́rin tèmi ń jẹ 3.6, mẹ́rin EL34 á jẹ 6, tíránsífọ́mà tí wọn ò wé fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀ á máa gbóná lọ títí tó fi máa jó, tíránsífọ́mà yẹn sì rèé, wíwá ẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Tún wo ẹsẹ̀ kìíní. Lára 6L6 ẹsẹ̀ yẹn ò ṣiṣẹ́ kankan, àwọn tó ń ṣe ámpù míì tiẹ̀ máa ń fi ojú ihò ẹ̀ so nǹkan míì mọ́ra, ṣùgbọ́n lára EL34 wáyà inú fáàfù tí wọ́n ń pè ní girìdì kẹta ló wà níbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ so mọ́ ẹsẹ̀ kẹjọ. Mo mọ̀ pé àwọn ámpù kan wà, bíi Dual Rectifier ti Mesa/Boogie, tó ní swíìṣì tí wọ́n ń yí sí 6L6 tàbí EL34. Tèmi ò ní.

Àmọ́ ibi tọ́rọ̀ ti wá dùn nìyí. Bàbá ò tíì fojú kan ọ̀rọ̀ fáàfù tuntun rárá. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó pa ti àtijọ́. Ó yọ ámpù lára iná, ó fi resistor kan tó so mọ́ wáyà fa iná tó ṣẹ́kù nínú kapásítọ̀ jáde, ó ní iná yẹn lè ju 400 fóòtì lọ, pé ó lè gbẹ̀mí èèyàn lẹ́yìn tá a bá ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri pàápàá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fọwọ́ yín débẹ̀ tẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n. Ó yọ gbogbo fáàfù, ó tún tan án, ó fi mítà kan ojú karùn-ún lábẹ́ sókẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Òdì 48 fóòtì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Bàbá mi orí. Ó pa á, ó tún fa iná jáde, ó wá mú ìṣó kékeré kan tó sanra tó ẹsẹ̀ fáàfù, ó ń kì í bọ ojú karùn-ún lókè. Níbi mẹ́ta ó há dáadáa. Níbi ìkẹrin tó pọ́n lọ́jọ́ yẹn, ìṣó ń lọ ó ń bọ̀ bí eyín arúgbó.

Ó ní wò ó, òdì 48 yẹn ni ìjánu fáàfù. Páànù inú sókẹ́ẹ̀tì ti fẹ̀, ìjánu ò dé ẹnu ẹṣin mọ́, ẹṣin sá lọ. Wọn ìbáà kó fáàfù wúrà bọ̀ ọ́, á pọ́n. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán bàtà ló fi tẹ páànù yẹn padà, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, fíúsì ló kàn pààrọ̀ lé e.

Mo padà lọ ra 6L6GC ti JJ, àwọn ará Slovakia, mẹ́rin tí wọ́n ti wọ̀n tí wọ́n bára wọn mu. Bàbá wọn iná tó ń gba inú wọn kọjá, ó jẹ́ mílí-áńpíà 31, 33, 32, 31, lórí 460 fóòtì. Èmi náà ti kàwé, mo ní Bàbá, 6L6GC lè gba 30 wọ́ọ̀tì, mílí-áńpíà 33 lọ́nà 460 fóòtì jẹ́ bíi wọ́ọ̀tì 15, ìdajì péré ni, wọ́n ní ká gbé báyáàsì, ìyẹn iná tó ń gba inú fáàfù kọjá nígbà tí gìtá ò tíì dún, dé ìdá 70 nínú 100. Ó ní ìdá 70 yẹn, ibi tá ò gbọdọ̀ kọjá ni, ta ló ní dandan ni ká débẹ̀? Ámpù yìí gan-an ò tiẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yí i. Ó sì tọ̀nà, torí ariwo tá à ń wá nínú ámpù tí gèènì ẹ̀ pọ̀ yìí, àwọn fáàfù kéékèèké iwájú ló ń ṣe é, iṣẹ́ àwọn ńlá ni kí wọ́n gbé e jáde kí béèsì má fọ́nká. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún báyìí, gbà! gbà! bí ẹni ń fọdó gúnyán.

Ọmọ Sàbó, Òǹdó:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire. Tèmi láti Amẹ́ríkà ló ti dé, wọ́n kọ 120 fóòtì sẹ́yìn ẹ̀ gàgàrà, mi ò kà á, mo kì í bọ ògiri wa níbí. Fíúsì já lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ì bá sì tó mi gbọ́, àbúrò mi kan ló ní kò sí nǹkan, ó fi bébà dídán inú páálí sìgá wé fíúsì yẹn ó dá a padà. Ẹ̀ẹ̀kejì ni èéfín jáde. Mo ṣì ní fáàfù ẹ̀ méjì lórí tábìlì, ọmọ mi fi wọ́n ṣe sọ́jà.

Onísáùn Ọ̀bà-Ilé:
Ẹ kú ìrírí o. Tèmi ń súfèé fíí ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti yí gèènì kọjá ìdajì, mo pinnu pé fáàfù ńlá ló ti gbó, mo ra EL34 méjì, mo ní kí wọ́n tún báyáàsì ẹ̀ ṣe, mo sanwó iṣẹ́, mo gbé e délé, fíí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ló mú igi ṣíbí, ó ń fi kan àwọn kéékèèké kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ níkọ̀ọ̀kan, èyí tó sún mọ́ ojú ihò gìtá jù, 12AX7, bó ṣe kàn án báyìí ni sípíkà ń dáhùn kón, kón, bí ìgbà téèyàn kan ìlẹ̀kùn. Ẹyọ kan la pààrọ̀. Ó tán. Owó EL34 kò ṣeé gbà padà.

Ọmọ Sàbó, Òǹdó:
Ẹ̀gbọ́n, irú ilé iṣẹ́ wo lẹ wá ní ká rà? Orúkọ ti pọ̀ jù.

Onígìtá Ìjàpọ̀:
Àbúrò, má jẹ́ kí orúkọ dà ọ́ láàmú. Sovtek, Electro-Harmonix, Tung-Sol, orúkọ mẹ́ta, ìyá kan náà ló ń bí wọn ní Saratov ní Rọ́ṣíà. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ogun jẹ́ kí wọ́n dí ọ̀nà ẹrù lọ́dún 2022 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, tí gbogbo ẹ̀ jọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára ámpù ẹ, èyí tó bá béèrè ni kó o rà, kó o sì rí i pé wọ́n ti wọ̀n wọ́n.

Akọrin líle, gẹ́ètì gúúsù FUTA:
Bọ̀dá, fáàfù KT88 ńkọ́? Wọ́n ní béèsì ẹ̀ ń wọ inú ikùn.

Onígìtá Ìjàpọ̀:
Wọ́n ò purọ́ o, àmọ́ áńpíà 1.6 lòun ń jẹ kó tó gbóná, ó tún ju EL34 lọ. Tí mo bá tún gbé irú ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Bàbá, ó lè lé mi jáde.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé, EL34 mẹ́rin yẹn ṣì wà nínú páálí wọn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò tíì kì wọ́n bọ nǹkan kan rí. Ẹni tó bá ní ámpù tó ń lò wọ́n ní Àkúrẹ́ níbí kó kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀. Ẹ má pè mí o, ọwọ́ ìyàwó mi ni fóònù máa ń wà lálẹ́.