Node.js: bí yúsà bá ti lọ, báwo ni mo ṣe máa dá iṣẹ́ ẹ̀ dúró lórí sáfà?

akọ̀wé_sáfà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní sáfà kan lórí Node 20, Express ni mo lò. Endpoint (àdírẹ́sì tí client ń gbà béèrè nǹkan) kan wà níbẹ̀ tó ń kó ìròyìn jọ látinú Postgres tí dátà wa wà, POST ni torí àwọn filter pọ̀, ó sì máa ń pẹ́ gan-an, torí ẹ̀ làwọn èèyàn kì í fi í dúró, wọ́n á refresh, wọ́n á tún refresh, query àkọ́kọ́ ṣì ń sáré lọ tí ìkejì àtìkẹta á ti dé bá a, títí connection inú pool (àwọn connection tá a ti ṣí sílẹ̀ sí Postgres) á fi tán pátá. Mo wá kọ req.on('close') pé kó pe abort, àmọ́ ó tún ń wọ́gi lé iṣẹ́ ẹni tó ṣì jókòó tó ń retí ìdáhùn! Ẹ jọ̀ọ́, kí ló fà á?

Mọ́remí_dev:
Láti Node 16, 'close' ara req (ìbéèrè tó wọlé) kì í ṣe pé client ti lọ, ohun tó ń sọ ni pé request ti wọlé tán. Bí express.json bá ti ka body tán báyìí, á dún. Ara res (ìdáhùn tí sáfà ń dá padà) ni kẹ́ ẹ fetí sí:

```
const ac = new AbortController()
res.on('close', () => {
  if (!res.writableFinished) ac.abort()
})
```

Ẹ má yọ if yẹn o, torí bí ìdáhùn parí dáadáa, bó sì já láàárín, 'close' á dún náà ni. Ẹ wá fún fetch àti pipeline ní ac.signal.

tábìlì_àti_index:
Òótọ́ ni, àmọ́ ìyẹn nìkan ò lè gba Postgres yín sílẹ̀. Abort kì í fipá pa nǹkan kan, ó kàn ń kéde ni, ẹni tí ò bá gbọ́ á máa báṣẹ́ ẹ̀ lọ. Kódà tí connection bá já, Postgres ò ní tètè mọ̀, á ṣe query yẹn dópin, àfi tẹ́ ẹ bá tan client_connection_check_interval tó wà láti Postgres 14, odo ni wọ́n fi í sí. Ohun tí èmi fara mọ́ ni pé kẹ́ ẹ gba pg_backend_pid() (nọ́ńbà tí Postgres fi mọ connection yẹn) kí query tó bẹ̀rẹ̀, tí abort bá dé, kẹ́ ẹ fi connection mìíràn ṣe SELECT pg_cancel_backend(pid). Connection mìíràn yẹn ò gbọdọ̀ wá látinú pool kan náà, torí ìgbà tí pool bá kún gan-an lẹ máa nílò ẹ̀ jù. Ẹ má sì dá client padà sínú pool kí cancel tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ query ẹlòmíì lẹ máa pa. Ẹ fi statement_timeout (àkókò tí query ò gbọdọ̀ kọjá) tì í lẹ́yìn.

akọ̀wé_sáfà:
Ẹ ṣé gan-an! Ṣé kí n sọ kódù yìí di middleware (kódù tí ìbéèrè ń gbà kọjá) sórí gbogbo endpoint ni? Àwọn kan ń gba owó o.

Mọ́remí_dev:
Rárá o, ẹ má dán an wò níbi owó! Pé client já ò túmọ̀ sí pé kò fẹ́ san mọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ẹ̀ lè ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Iṣẹ́ kíkà lẹ lè wọ́gi lé bó ṣe wù yín, èyí tó bá ń kọ nǹkan sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó parí, kẹ́ ẹ lo idempotency key (àmì tí sáfà á fi mọ̀ pé ìbéèrè kan náà ló padà wá) kó má bàa san án lẹ́ẹ̀mejì tó bá padà wá. Tẹ́ ẹ bá rí 57014 (kóòdù pé wọ́n ti wọ́gi lé query) látọ̀dọ̀ Postgres lẹ́yìn abort, ẹ má kà á sí 500 (àṣìṣe sáfà), cancel yín ló ṣiṣẹ́ yẹn. Tó bá jẹ́ nginx ló wà níwájú, 499 (pé client ti já kí ìdáhùn tó dé) lẹ máa rí nínú log tiẹ̀.