Ìpààrọ̀ kọ́, ìlọ́ ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìléwọ́ fún àwọn aláìsàn ojú bèèrè lọ́jọ́ Ajé bóyá "jẹjẹrẹ ojú lẹ́yìn ìpààrọ̀ ẹ̀yà ara" á ṣe é lò fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "intraocular post-transplant lymphoproliferative disorder", ìyẹn àìsàn tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kan fi ń pọ̀ jù nínú ẹyinjú ẹni tí wọ́n ti fún ní ẹ̀yà ara ẹlòmíì. Ẹ forí jì mí, mi ò fara mọ́ ọn, àgàgà "ìpààrọ̀" yẹn.

Ohun tí a bá pààrọ̀, ògbólógbòó ní láti kúrò kí tuntun tó wọlé. Bí a ṣe ń pààrọ̀ táyà nìyẹn. Ẹni tí wọ́n fún ní kíndìnrín ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í yọ méjì àtijọ́. Ìsàlẹ̀ ikùn ni wọ́n ń fi tuntun sí. Ti sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn eegun tún yàtọ̀. Bí ẹni fa ẹ̀jẹ̀ síni lára ni: á gba inú iṣan wọlé, á fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà dénú eegun, á sì ta gbòǹgbò síbẹ̀. Lóòótọ́ wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi oògùn líle pa èyí tó wà níbẹ̀, torí náà "ìpààrọ̀" fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìyẹn mu. Fẹ́rẹ̀ẹ́ náà ni.

Àwa tí à ń dáko lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ ti ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu lẹ́nu: "lọ́". Ata tí a fọ́n sójú kan, tó bá dàgbà díẹ̀, à ń hú u, a sì ń lọ́ ọ sórí ebè. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì náà lo "lọ́" ní Róòmù orí 11, fún ẹ̀ka igi tí a mú wá sára igi mìíràn. Ẹnìkan á ní "lọ́" wà nínú "lọ́ni lọ́wọ́ gbà" pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ kíndìnrín jíjí sì ti ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn ni yóò là á. "Àlọ́" gan-an ni ká sá fún, kí aláìsàn má baà dáhùn pé "àlọ̀ ọ̀"!

Ó ku "jẹjẹrẹ". Kí ara má baà kọ ohun tí wọ́n lọ́ sí i, aláìsàn á máa lo oògùn tó ń dẹ ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ ara, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà. Fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr, tí wọ́n rí lọ́dún 1964 nínú kókó ara àwọn ọmọ Uganda, ń sùn jẹ́jẹ́ lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbàlagbà, nínú ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní B. Ẹ̀ṣọ́ T ló ń ká a lọ́wọ́ kò. Nígbà tí oògùn bá ti so T lọ́wọ́, B á bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i láìdáwọ́ dúró. Nígbà míì ó di jẹjẹrẹ pátápátá, nígbà míì kò tíì dé ibẹ̀, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dín oògùn yẹn kù, ó lè rọlẹ̀. Bí a bá wá kọ "jẹjẹrẹ" sójú ìwé, a ti dájọ́ fún ẹni tí dókítà kò tíì dájọ́ fún.

Ọ̀gá wa láti Ọ̀yọ́ mú "ìgbèèrú" wá dípò "jẹjẹrẹ". Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí à ń gbàdúrà fún níbi ìṣílé nìyẹn! "Ìpọ̀jù" ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká mú.

"Ojú" náà fẹ̀ jù. Ìyá ọmọ lè rò pé iwájú orí tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Inú ẹyinjú ni: ojú á pọ́n, ìríran á ṣú, nǹkan dúdú wínníwínní á máa fò kiri níwájú ẹni, lára ọmọdé, kókó lè yọ sí ibi dúdú tó yí ọmọlójú ká. Ó jọ ojú tó kàn wú lásán, ìdí nìyẹn tí ìwé ìléwọ́ fi gbọ́dọ̀ ní kí aláìsàn tètè sọ fún dókítà ojú pé wọ́n ti lọ́ nǹkan sí òun lára. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apólò ni gbogbo àdúgbò á pè é.

Tèmi rèé: "ìpọ̀jù ẹ̀ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ nínú ẹyinjú, lẹ́yìn ìlọ́". Ó gùn, mo mọ̀. Mo kà á fún àǹtí mi tó ń ta ata ní Tákìé. Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n lọ́?" Mo ní kíndìnrín. Wọ́n ní, "Ṣé ó mú?"