Ọ̀rọ̀-ìṣe tó yẹ kéèkì ọdún

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, òkun o.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ìwé kékeré lórí oúnjẹ Kérésìmesì tí a fẹ́ kọ ní Yorùbá fún àwọn ọmọ wa tí a bí sí Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, kí wọ́n lè mọ ohun tí à ń sè ní Kàbà, ní Ìsánlú àti ní Ẹ̀gbẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kogí nínú oṣù Kejìlá, kí àwa náà sì lè ka bí àwọn ará ọ̀hún ṣe ń ṣe tiwọn. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìsánlú dá a lábàá pé "àkàrà òyìnbó" ni kí a máa pe kéèkì, kí a sì máa sọ pé a "dín" in. Àbúrò wa tó wà ní Lọ́kọ́jà ní "sun" ló tọ́, nítorí iná ni wọ́n ń kó sínú ààrò ilé búrẹ́dì. Ẹlòmíràn ní kí a kúkú yá ọ̀rọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lò, kí á máa "bẹkì" kéèkì, kí ìjà sì parí. Èmi fara mọ́ "yan", mo sì bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí n rojọ́ rẹ̀ kúnná, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí a bá gbà ni yóò pinnu bí a ó ṣe pe ọ̀pọ̀ nínú àwọn oúnjẹ yòókù.

Èdè wa kì í fi ọ̀rọ̀ iná ṣeré. Ohun tí a bá fi omi ṣe, a máa ń sè é tàbí kí a bọ̀ ọ́. Ohun tí a bá jù sínú epo tàbí òróró, a dín in: àkàrà, dòdò, dùndún, ọ̀jọ̀jọ̀. Ohun tí ẹ̀yinná bá kàn lára, a sun ún: iṣu, àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fi ń ṣe bọ̀ọ̀lì. Ṣùgbọ́n ohun tí ooru gbígbẹ bá mú jinná, tí kò sí omi, tí epo kò pọ̀ níbẹ̀, tí ẹ̀yinná kò sì kàn án, a yan án: ẹ̀pà, gààrí, ẹja orí wáyà. Ìpínyà yìí ti wà kí kéèkì tó dé, kò sì sí ìdí tí a ó fi dà á rú nítorí àlejò kan.

Ẹ wá wo ohun tí ìyá tí kò ní ààrò onígáàsì ń ṣe nílé bí Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Á gbé ìkòkò irin ńlá ka iná igi tàbí èédú, á da yanrìn gbígbẹ sí ìdí rẹ̀, á dé e títí yanrìn náà yóò fi gbóná dáadáa. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé páànù kéèkì sórí yanrìn, á tún ìkòkò dé, nígbà mìíràn á sì da ẹ̀yinná díẹ̀ sórí ìdérí kí ooru lè máa ti òkè àti ìsàlẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà. Bíi wákàtí kan ni yóò gbà, ó sinmi lórí bí páànù ṣe jìn tó, ẹyọ ìgbálẹ̀ tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ ni wọ́n sì fi ń gún un láàrin láti mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ti gbẹ. Irú yanrìn yìí kan náà ni à ń dà sínú agbada láti yan ẹ̀pà. N kò tíì gbọ́ kí ará Kàbà kankan sọ pé òun sun ẹ̀pà nínú yanrìn, n kò sì tíì gbọ́ kí ó sọ pé òun dín in.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé ẹ̀pà àti yanrìn ń fara kanra, pé kéèkì wà nínú páànù ní tirẹ̀. Ẹja tí à ń yan kì í fara kan iná náà, orí wáyà ló wà, síbẹ̀ a ò pè é ní ohun mìíràn. Ooru gbígbẹ ni ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ń wò, kò wo ohun tí ooru náà gbà kọjá. Bí ẹ bá sì gbé e dé ilé búrẹ́dì, ọ̀rọ̀ kò yí padà: ògiri ààrò ni wọ́n ń mú gbóná, ògiri náà ni ó ń yan búrẹ́dì, iná kò fẹnu kàn án. Ohun tó mú kí n má fara mọ́ "sun" nìyẹn, nítorí bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan sun kéèkì, ẹ ó rò pé ó ti jóná.

Ní ti "dín", ẹ̀gbọ́n wa fi Bíbélì gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀, ẹ̀rí náà kò sì ṣeé fojú rénà. Àwọn atúmọ̀ tí Àjàyí Crowther ṣáájú wọn, tí iṣẹ́ wọn di odindi Bíbélì ní 1884, kò ní ohun tí a lè pè ní búrẹ́dì níwájú wọn ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi "àkàrà" dípò rẹ̀, bí àkàrà bá sì ti wọlé, "dín" ni yóò tẹ̀ lé e. Báyìí ni Lọ́ọ̀tì ṣe dín àkàrà aláìwú fún àwọn áńgẹ́lì méjì nínú Gẹ́nẹ́sísì. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé ẹ̀wà ni wọ́n lọ̀, tí wọ́n sì dà á sínú epo gbígbóná, bóyá inú àwọn áńgẹ́lì náà ì bá sì dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kíyè sí i pé nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ìránṣẹ́ Fáráò tó ń ṣe búrẹ́dì fún un, "alásè" ni wọ́n pè é. Dídín níhìn-ín, sísè lọ́hùn-ún: àwọn tìkára wọn ṣì ń wá ọ̀rọ̀ náà kiri. Àwa ti rí ààrò, a ti rí ìkòkò oníyanrìn, kò yẹ kí a dúró sí ibi tí wọ́n dúró.

Níbi tí mo ti ń kí wọn kú iṣẹ́ ni "ìwúkàrà". Ohun tó ń mú àkàrà wú: ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere, gbogbo ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ bí a bá dé ọjà, "yíìsì" ni à ń béèrè. Àwọn kan nínú yín ní kò yẹ kí a mú un wọ ilé ìdáná, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ àti ẹ̀kọ́ èké ni àwọn oníwàásù máa ń fi í ṣàpèjúwe. Àmọ́ nínú Mátíù orí 13, ìjọba ọ̀run ni wọ́n fi wé ìwúkàrà tí obìnrin kan fi pa mọ́ sínú òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun mẹ́ta, obìnrin náà kò sì sí lórí àga ìwàásù, ìyẹ̀fun ló ń pò. Ẹ jẹ́ kí a lò ó. Kìkì ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má ṣe fi orúkọ kan náà pe pàódà tí wọ́n ń bù sí kéèkì. Ìwúkàrà jẹ́ ohun abẹ̀mí: ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń mí jáde ló ń gbé ìyẹ̀fun sókè, ìdí nìyí tí pọ́fùpọ́fù tí a pò ní òwúrọ̀ ọyẹ́ fi máa ń lọ́ra láti wú, tí a fi ń gbé abọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, tí a sì ń fi aṣọ tútù bò ó kí afẹ́fẹ́ gbígbẹ má bàa mú ojú rẹ̀ sé. Pàódà kò ní ẹ̀mí. Bí omi àti ooru bá ti kàn án ni yóò hó. Mo dá "ẹ̀tù amúwú" lábàá fún un, ẹni tó bá ní èyí tó dùn ún sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó mú un wá.

Pọ́fùpọ́fù fúnra rẹ̀ ni a dábàá "àkàrà oníwúkàrà" fún. Ó tọ́ ní ìtumọ̀, dídín náà sì ni, nítorí náà àkàrà yẹ ẹ́ ju bí ó ti yẹ kéèkì lọ. A lè fi ṣe àlàyé nínú ìwé, ṣùgbọ́n ọmọ kankan kò ní í béèrè fún un bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ní ti chin-chin, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ ní "ṣínṣín" kí a sì máa lọ. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé yóò jọ "ṣinṣin", kí ó rántí pé ṣínṣín tó dára máa ń le díẹ̀.

Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ àyálò kò ba èmi bí ó ti ń ba àwọn kan nínú yín. Àlìkámà tí a fi ń ṣe gbogbo ìpápánu wọ̀nyí, ọwọ́ Haúsá ni ó ti bọ́ sí wa lọ́wọ́, Haúsá sì gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní àlejò mọ́. Kérésìmesì náà ńkọ́, èyí tó ti fìdí múlẹ̀ ní Yàgbà láti ìgbà tí ajíhìnrere Tommy Titcombe ti Kánádà wá sí Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908? Kéèkì ti jinná nínú èdè, ẹ jẹ́ kí ó máa jẹ́ kéèkì. Ẹ̀sùn mi sí "àkàrà òyìnbó" jẹ́ méjì: àwọn àgbà kan ń pe búrẹ́dì bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn ń pe kéèkì bẹ́ẹ̀, ẹ̀kejì, tó dùn mí jù, ni pé bí obìnrin bá fi ìkòkò rẹ̀, igi rẹ̀ àti yanrìn rẹ̀ ṣe nǹkan, tí a sì pè é ní ti òyìnbó, a ti gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ibi tí èmi gan-an ti ń fẹ́ kí a gbé àyálò sílẹ̀ ni sóbò. Haúsá ni a ti gba orúkọ náà, ṣùgbọ́n ewéko náà kì í ṣe àjèjì: ìṣápá ni. Èyí tó funfun ni à ń fi ẹ̀gúsí sè, tí a fi ń jẹ iyán. Èyí tó pupa ni à ń bọ̀ fún omi rẹ̀. Bí a bá kọ "omi ìṣápá" sínú ìwé náà, ọmọ tó wà ní òkè òkun yóò mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pé ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ àgbà àti ohun mímu pupa orí tábìlì jẹ́ ọmọ ìyá kan.

Ó ku àkòrí ìwé, tí ẹnì kan túmọ̀ sí "Oúnjẹ Ìsinmi Ìgbà Òtútù". Ó bá ọ̀hún mu, níbi tí yìnyín ti ń bọ́, tí igi eléso sì ti wọ́wé. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ ọdún wọn fi kún fún èso àjàrà gbígbẹ, oyin, atalẹ̀ àti èso tí a rẹ sínú ọtí líle kí ó lè pẹ́. Ní tiwa, ìkórè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí ni, iṣu wà ní àká, ọyẹ́ tó ń mú wa láàárọ̀ sì jẹ́ afẹ́fẹ́ eléruku láti Sàhárà tí oòrùn ọ̀sán máa ń lé lọ. Ìsinmi náà sì wá di àwàdà lójú ẹni tó ti jí láti gún iyán fún ogún àlejò. Ẹ jẹ́ kí a kọ "Oúnjẹ Ọdún" péré, kí a sì máa sọ "ìgbà yìnyín" àti "ìgbà ọyẹ́" nínú ìwé bí ó bá ti yẹ.

Stollen àwọn ará Dresden, Lebkuchen ti Nuremberg àti panettone ti Milan, tí wọ́n jẹ́ ìpápánu Kérésìmesì ilẹ̀ Jámánì àti Ítálì, kí a fi orúkọ wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀; gbogbo wọn ni à ń yan. Èyí tó dí mi lọ́wọ́ ni pudding Kérésìmesì ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tún ń pè ní plum pudding bí kò tilẹ̀ sí plum nínú rẹ̀, nítorí pé èso àjàrà gbígbẹ ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà pè láyé àtijọ́. Aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń dì í sí kí wọ́n tó sè é. Nísinsìnyí abọ́ ni wọ́n ń bù ú sí, wọn a gbé e sínú ìkòkò tí omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ bò ó, ooru omi náà yóò sì máa ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọ̀nà mọ́ínmọ́ín gan-an nìyí, kò bá kéèkì tan rárá. Ṣùgbọ́n "sè" ni à ń lò fún mọ́ínmọ́ín, "sè" náà ni à ń lò fún ìrẹsì tó rì sínú omi, àwọn ọmọ tí kò rí ìkòkò mọ́ínmọ́ín rí yóò sì da omi bo pudding náà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ẹ̀yìn àwọn tó ń ta mọ́ínmọ́ín, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà lẹ́nu wọn fún ohun tí ooru omi nìkan mú jinná, tàbí "fi ooru sè" ni kí a kọ?