Ta ló tún ti rí igún láìpẹ́?

Ọmọ Ìlódè: Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti Iléṣà, ta ló fojú ara rẹ̀ rí igún lọ́dún yìí? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí wọ́n bá ti ń kun màlúù ní ọjà Odò-Ògbè, òrùlé páànù á dúdú fún wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo dúró níbẹ̀ títí oòrùn fi mú. Lékeléke nìkan ni mo rí.

Ìyá Ìbejì: N ò rí ẹyọ kan.

Alápatà: Ọdún 23 rèé tí mo ti ń pa màlúù. Tẹ́lẹ̀, kí a tó fọ ọ̀bẹ tán, igún ti palẹ̀ ìfun mọ́. Ní báyìí, ajá àti eṣinṣin ló kù fún wa.

Adé Ìjẹ̀ṣà: Èmi rí ọ̀kan ní bí ọdún 10 sẹ́yìn. Oníṣègùn ni bàbá mi àgbà, ní Iléṣà. Ọkùnrin kan gbé igún wá nínú àpò sìmẹ́ǹtì, ó ní kí bàbá ra orí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú àpò, ẹyẹ náà ò jà. Ó kàn na ọrùn pípá yẹn jáde, ó ń ṣẹ́jú. Okùn ọ̀rá ti wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ dé egungun. Bàbá ní, "A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Ṣé wọn ò sọ ọ́ nílé yín ni?" Wọ́n fún un lówó ọkọ̀, wọ́n gba ẹyẹ. Ọjọ́ 9 la fi bọ́ ọ.

Ọmọ Ìlódè: Ẹ̀gbọ́n, omi bọ́ lójú mi.

Ọmọ Mọ̀ọ́rẹ̀: Ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe àkàlà?

Adé Ìjẹ̀ṣà: Àkàlà kọ́. Ẹnu àkàlà gùn, orí ilẹ̀ ló sì ti máa ń rìn.

Alápatà: Nílé tiwa, igún ni àkàlà náà.

Ọmọ Mọ̀ọ́rẹ̀: Owó ọkọ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé kò ní tìtorí ẹ̀ lọ mú òmíràn wá?

Adé Ìjẹ̀ṣà: Ohun tí ìyá àgbà sọ nìyẹn. Bàbá pe àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ wọn jọ, wọ́n fẹnu kò pé kò sẹ́ni tó máa ra igún mọ́, òkú tàbí ààyè. Ọkùnrin yẹn ò padà wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀: Ohun tó yẹ kó kárí nìyẹn. Láti 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu, ti ka igún tiwa yìí mọ́ àwọn tó kù díẹ̀ kó run pátápátá, ẹyin kan ṣoṣo ló sì ń yé lẹ́ẹ̀kan. Ní orílẹ̀-èdè Guinea-Bissau, láàárín 2019 sí 2020, ó lé ní 2,000 tí májèlé pa, wọ́n sì ti gé orí àwọn kan lọ. NCF, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn ẹ̀dá inú igbó ní Nàìjíríà, ti ń bá àwọn oníṣègùn wa sọ̀rọ̀ kí wọ́n fi ewé àti egbò rọ́pò rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: A ó sì máa ṣàdúrà pé gúnnugún kì í kú léwe. Àwa náà là ń pa á léwe.

Ọmọ Ìlódè: Ẹ̀gbọ́n Adé, ṣé ó fò?

Adé Ìjẹ̀ṣà: Ó fò. Ó bà sórí ìrókò ẹ̀yìnkùlé, ó sun ibẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí a jí, kò sí níbẹ̀ mọ́.