Ta ló pa àwọn ará ilé Greene gan-an?

Ọmọ Ṣábọ̀:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o. Mo ra The Greene Murder Case tí S. S. Van Dine kọ ní 1928, ìwé ìtàn àròsọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, tokunbọ̀ ni, Ṣábọ̀ Ìkòròdú níbí ni mo ti rà á. Wọ́n ti yìnbọn pa Julia, wọ́n pa Chester, wọ́n tún pa Rex, bí mo ṣe ní kí n máa kà á lọ, ewé tó kù ti ya dànù! Ìyá wọn arúgbó yẹn ni mo fura sí, tó ní òun ò lè rìn, tó kàn ń bú gbogbo ayé látorí bẹ́ẹ̀dì. Àbí òun kọ́?

Ìyá Ìbejì:
Òun kọ́ o jàre, májèlé ni wọ́n fi pa òun náà. Ada ni, ọmọ tí wọ́n gbà tọ́! Ó yìnbọn fún ara ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fura sí i, inú ìwé Hans Gross lórí ìwádìí ìwà ọ̀daràn tó wà ní láíbìrì bàbá wọn ló ti kọ́ ọgbọ́n burúkú yẹn.

Bọ̀dá Ẹ̀búté:
Èmi ò tiẹ̀ bá Ada wí tó bàbá wọn. Èèyàn kú tán, ó ní kí gbogbo wọn ṣì jọ máa gbé ilé kan náà fọ́dún 25, ẹni tó bá kó jáde ogún ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Àwọn tí ò fẹ́ rí imí ara wọn láàtàn! Àdúgbò wa níbí, ogún yàrá kan péré, ẹ wo ariwo.

Ọmọ Ṣábọ̀:
Haa, Ada kẹ̀?! Ẹ ṣé o mà. Sibella àbúrò Julia wá ńkọ́, ṣé wọ́n pa òun náà ni?

Ìyá Ìbejì:
Rárá, ó yè é.