Ọmọ ọdún 13 tí bréèsì ẹ̀yìn ń dá egbò sí lára: kí la máa ṣe?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe bréèsì ẹ̀yìn (ike líle tí a ń dè mọ́ ara kí ẹ̀yìn tó tẹ̀ má bàa tẹ̀ sí i), ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yìn ọmọbìnrin náà tẹ̀ sí ọ̀tún ní dígírì 29, Risser 1 (òṣùwọ̀n 0 sí 5 tó ń sọ bí egungun ṣe dàgbà tó), ó ṣì ń ga. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ kò tíì sí níbẹ̀.

Bí ó bá wọ bréèsì, X-ray fi dígírì 15 hàn, nítorí náà ike náà ń ṣiṣẹ́. Wákàtí ni wàhálà. A ní kó wọ̀ ọ́ fún wákàtí 18 lóòjọ́. Ẹ̀rọ tó ń ka ooru ara nínú ike ní 9 péré. Ìwádìí tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2013 sì fi hàn pé àwọn tó wọ̀ ọ́ tó wákàtí 13 lóòjọ́ ló jàǹfààní jù.

Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú tí kò ní ojú rírán ló ń wọ̀ sábẹ́, kò sí ìpara, kò sí páúdà. Síbẹ̀, níbi tí fóòmù inú bréèsì ti ń ti ìhà ọ̀tún, awọ dúdú ju ibi yòókù lọ, ó ń dán, ó gbóná bí a bá fọwọ́ kàn án, kì í sì í lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30. Ṣé ká fá fóòmù náà díẹ̀? Títì rẹ̀ lè dín kù. Àbí bẹ́líìtì ni ò le tó? Bréèsì tó bá tú máa ń rìn, ó sì máa ń ha awọ ju èyí tó fún lọ.

Ṣé ẹ gbà kó bọ́ ọ níléèwé, kó wọ̀ ọ́ láti aago 4 ìrọ̀lẹ́ di aago 7 àárọ̀? Ó ń ṣe eré ìdárayá Schroth (èyí tí a ṣe fún ẹ̀yìn tó tẹ̀) pẹ̀lú. Ẹ má wulẹ̀ ní ká fi ìyẹn rọ́pò bréèsì o.