"Ọkọ̀ ilé" kọ́ ni RV: èsì sí ìtumọ̀ ìwé Mammoth Cave

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ọ̀rẹ́. Mo ti ka ìwé ìtọ́nisọ́nà tí ọ̀kan nínú wa túmọ̀ fún àwọn òbí tó máa ń wá kí ọmọ wọn ní Amẹ́ríkà, táwọn ọmọ sì fẹ́ fi RV, ìyẹn ọkọ̀ tí èèyàn lè sùn kó sì dáná nínú ẹ̀, gbé lọ wo Mammoth Cave, ihò ńlá abẹ́ ilẹ̀ kan ní Kentucky. Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ mi ò fara mọ́ "ọkọ̀ ilé" tó pe RV.

Ẹni tó bá gbọ́ "ọkọ̀ ilé" nílé wa, mọ́tò tí bàbá fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé ló máa rò. Ẹ wá wo ibi tí ìwé náà ti ní wọn kì í gba "ọkọ̀ ilé àti tírélà" sórí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò sọdá odò Green River. Òótọ́ lòfin yẹn. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan bá kà á báyẹn, á ní kí ọmọ òun yí Toyota padà létí odò, bẹ́ẹ̀ òfin náà ò kan Toyota rárá. Tírélà ńkọ́? Èyí tó ń kó sìmẹ́ńtì ló máa wá sí i lọ́kàn, kì í ṣe ilé kékeré tí mọ́tò ń fà. Ẹlòmíì dábàá "ọkọ̀ onílé", mọ́tò lándílọ́ọ̀dù nìyẹn. "Ilé alágbéká" sàn díẹ̀, àmọ́ ó máa bá irú ilé kan pàdé ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń wọ́ wá sórí ilẹ̀, tí èèyàn á sì máa gbé inú ẹ̀ lọ́dún gbọọrọ.

Àbá tèmi ni agbélérìn. A ní agbérò, a ní agbébọn, etí wa ti mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń wáyé. Èyí tó ní ẹ́ńjìnnì tiẹ̀, agbélérìn. Èyí tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, agbélérìn àfàlọ. Bí ẹnì kan bá ní agbélé lẹni tí kì í jáde, "rìn" tó wà níparí ti yanjú ìyẹn.

Mo gba "ibùdó" tí ìwé náà pe ibi tí RV ti ń dúró sùn, torí agbélérìn kì í pàgọ́, ṣe ló ń dó. "Ibùdó tó ní ìsopọ̀", ìyẹn èyí tí RV ti lè rí iná àti omi lò, ni mi ò gbà. Kí ni wọ́n so pọ̀? Iná là ń fà, omi là ń fà, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, torí ọ̀pọ̀ ààyè ní ibùdó ńlá tó wà nítòsí gbọ̀ngàn àlejò ni kò sí iná fífà. Maple Springs, ibùdó mìíràn níbẹ̀, ni wọ́n ti lè rí ààyè tó ní iná àti omi, òdìkejì odò nìyẹn sì wà. Agbélérìn tó bá ń ti gbọ̀ngàn lọ síbẹ̀, yíyípo ló máa yípo, torí òfin ọkọ̀ ojú omi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

"Ètò ihò" tó pe "cave system" náà ò bá mi lára mu; ètò là ń ṣe lórí rédíò. Ihò tó já síra wọn bíi ti òkété ni wọ́n ń sọ. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀n níbẹ̀ ju kìlómítà 680 lọ, kò sì sí ihò mìíràn láyé tí a mọ̀ tó gùn tó o. Lọ́dún 1972 ni àwọn olùṣàwárí rí ibi tí ihò Flint Ridge ti já sí Mammoth. Ihò àsopọ̀ ni màá pè é.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Stephen Bishop. Ìwé náà pè é ní "ìránṣẹ́ tó ń mú àlejò kiri". Ẹrú ni. Olówó rẹ̀ ló mú un débẹ̀ lọ́dún 1838, ọkùnrin yìí ló sọdá kòtò tí wọ́n ń pè ní Bottomless Pit, tó sì ya àwòrán ihò náà láti inú orí lọ́dún 1842. Ọdún 1856 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀, ó sì kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìránṣẹ́ ń gba owó, ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Bí a bá fẹ́ sọ iṣẹ́ rẹ̀, amọ̀nà ni, kò sì sẹ́ni tó mọ̀nà ibẹ̀ jù ú lọ láyé ìgbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ méjèèjì: ẹrú, amọ̀nà.

Ẹni tó bá ní èyí tó dáa ju agbélérìn lọ, kó mú un wá, màá gbà á tayọ̀tayọ̀. Ti Bishop ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ tún ṣe kí wọ́n tó tẹ̀wé.